Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ìwádìí àti Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì: Ohun tí ó Yẹ kí Ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun Mọ̀

Ìpàtẹ iṣẹ́ ìwádìí àti iṣẹ́ ọnà ni ọjọ́ tí yunifásítì ń ṣí ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè àkọ́kọ́ lè fi ohun tí wọ́n wádìí, ohun tí wọ́n yà, ohun tí wọ́n gbẹ́, ohun tí wọ́n rọ àti eré tí wọ́n kọ han gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe ayẹyẹ ìgboyè, kì í sì í ṣe ìdánwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń fún àwọn tí iṣẹ́ wọn dára jù ní ẹ̀bùn. Bí ọlọ́jà ti ń pàtẹ kí oníbàárà lè wò ó, kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ yìí, tí ó ń dá ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ lóhùn.

A kọ àlàyé yìí fún òbí, àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti olùkọ́ ilé-ìwé girama, a sì kọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Ohun méjì ni ó jẹ wá lógún nínú rẹ̀. Èkíní ni pé ilẹ̀ wa, omi wa, oúnjẹ wa, èdè wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa ni ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí dá lé lórí, ó sì tọ́ kí a gbọ́ àbọ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàtẹ ohun tí ó hùmọ̀ láìkọ́kọ́ ronú lè pàdánù ẹ̀tọ́ tí òfin fún un, kí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ ìdùnnú rẹ̀ gan-an ni ó pàdánù rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wá

Ní Nàìjíríà, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba oyè àkọ́kọ́ láìṣe iṣẹ́ ìwádìí kan ní ọdún tí ó kẹ́yìn. Òun ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní pọ́rójẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan orí ọ̀rọ̀, olùkọ́ kan yóò jẹ́ alábòójútó rẹ̀, yóò jáde lọ kó ohun tí ó fẹ́ wádìí jọ, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní orí kìíní dé orí karùn-ún, yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti gbèjà rẹ̀, yóò sì fi awọ líle di í bí ìwé. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, ère, àwòrán tàbí aṣọ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú wá, pẹ̀lú ìwé tí ó ṣàlàyé bí ó ṣe ṣe é. Ní ẹ̀ka eré oníṣe, orí ìtàgé ni a ó ti wò ó.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹ̀dà kan yóò wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, òmíràn ní ilé-ìkàwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ṣe tèmi ní ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àjọ àti èsúsú láàrin àwọn obìnrin aláṣọ ní ọjà kan ni mo kọ nípa rẹ̀. Àwọn ìyá méjìlélógún ni ó fi ọjà sílẹ̀ jókòó dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ọmọ mi, bí o bá kọ ọ́ tán, ṣé o ó wá kà á fún wa?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” N kò padà lọ. Kò sí ẹni tí ó ní kí n padà lọ, kò sì sí ọjọ́ kankan tí ilé-ẹ̀kọ́ yà sọ́tọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá ìwé náà lọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá àwọn ìwé ọdún tiwa nílẹ̀ nínú yàrá kan tí òjò ń jò sí. Ikán ti jẹ tèmi láti ẹ̀yìn wọ inú. Orí kejì nìkan ni ó ṣẹ́kù, orí kejì náà sì ni ibi tí mo ti to ohun tí àwọn ẹlòmíràn wí jọ. Ohùn àwọn ìyá wọ̀nyẹn ti lọ.

Nítorí irú àdánù yìí ni ìpàtẹ fi wúlò.

Bí àṣà náà ṣe gbilẹ̀

Ní 1957, Edwin Land, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Polaroid sílẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀dọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó gbọ́ ohun tí àwọn mìíràn ti wádìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ní 1969, Margaret MacVicar dá ètò kan sílẹ̀ ní MIT kan náà tí ó ń so akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ olùkọ́ nídìí iṣẹ́ ìwádìí gidi, láti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé. Ní 1978 ni àwọn olùkọ́ láti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1987 sì ni àpérò àkọ́kọ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà wáyé ní Yunifásítì North Carolina tí ó wà ní Asheville, níbi tí ó ti jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni olùsọ̀rọ̀, tí kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2011, ní Yunifásítì Central Lancashire.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwé ewì kékeré kan tí wọ́n pè ní The Horn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ wọn, Martin Banham. J. P. Clark, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Abíọ́lá Ìrèlé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ àwọn kan tí ayé padà mọ̀.

Ní 1958 náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Zaria, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ́ kò fi ibi kankan jọ ohun tí wọ́n bá nílé. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ère, aṣọ àti ìtàn ilẹ̀ wa di ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ti òyìnbó, kí oníṣẹ́ ọnà sì yan èyí tí ó bá wúlò nínú méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n; kò sí ẹni tí ó fún wọn láṣẹ. Nwoko wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ó kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ eré oníṣe ní yunifásítì, òun ni ó sì ya àwòrán ilé-ìjọsìn àwọn Dominican tí ó wà níbẹ̀. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice, ní Ítálì.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa níhìn-ín, Òṣogbo ni a gbọdọ̀ mẹ́nu kàn. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier sọ ilé ọtí kan tí ó jẹ́ ti Ládipọ̀ di ibi ìpàtẹ àti ibi eré, wọ́n sì pè é ní Mbari Mbayo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni “mbari”, ilé òrìṣà tí a fi amọ̀ ṣe ọnà sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Kò sí orúkọ tí ó tún lè bá ìpàtẹ mu ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ń ti ọjà bọ̀ lè yà wọlé pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lórí kí ó wo àwòrán, kí ó sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Jimoh Buraimoh, tí ó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Ládipọ̀, di gbajúmọ̀ ayàwòrán láti ibẹ̀, ó sì tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Mbari Mbayo kì í ṣe ti yunifásítì, ṣùgbọ́n bí yunifásítì kan bá ń wá àpẹẹrẹ bí a ṣe ń pàtẹ kí ará ìlú má bẹ̀rù àtiwọlé, kí ó lọ bèèrè ìtàn rẹ̀ ní Òṣogbo.

Ohun tí ẹ ó rí nínú gbọ̀ngàn

Ìwé fífẹ̀ tí a fi kọ́ sára pátákó ni ó pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní pósítà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní yàrá mìíràn, wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ ó tún rí ẹ̀rọ, ère, àdìrẹ, fọ́tò àti sinimá kúkúrú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, eré orí ìtàgé lè wà pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gígùn tí ó wà ní òkè pósítà dẹ́rù bà yín. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé: kí ni o fẹ́ mọ̀? Níbo ni o ti wò ó? Kànga mélòó ni o bu omi rẹ̀, tàbí ènìyàn mélòó ni o bá sọ̀rọ̀? Kí ni o rí? Kí ni ó kù tí o kò rí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni a fi ń mọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ra pọ́rójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹlòmíràn (àwọn bẹ́ẹ̀ wà, kí a má tan ara wa) yóò rò pé kò sí ohun tí ó kù. Ẹni tí ó rin oko tí oòrùn pa yóò sọ ti ọjọ́ tí òjò gbé àpẹẹrẹ ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Irú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wádìí ní agbègbè wa kò níye. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì lè yẹ omi odò wò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbi tí a ti ń wa góòlù, tàbí kí ó wọn májèlé tí ó kù nínú gàrí tí a kò rẹ pẹ́ tó. Ẹni tí ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ lè wo ohun tí a lè fi èèpo kòkó ṣe, yàtọ̀ sí eérú ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ń kọ́ nípa ìtàn lè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè nígbà tí ojú irin ṣì ń kó ẹrù lójoojúmọ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì níhìn-ín. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kéré ní ìwọ̀n. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, owó tí òbí fún wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ewé tí ó pa kòkòrò àìsàn nínú àwo yàrá ìwádìí kò tíì di oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ tí dókítà fún un sílẹ̀ nítorí ohun tí ó kà lórí pósítà. Bí ọ̀rọ̀ omi kànga àdúgbò yín bá jáde níbẹ̀ tí ó sì kọ yín lóminú, ẹ gba àkópọ̀ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wọ́n lè tún omi náà yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ẹjọ́ tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ti lọ sí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ ọ́ ní Yorùbá kódà bí wọ́n bá fẹ́. Ẹjọ́ òtítọ́ ni. Kì í ṣe pé èdè wa kò gbà á. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Nínú ìpínlẹ̀ yìí ni a ti ṣe é. Ní àwọn ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fi Yorùbá kọ pọ́rójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún àwọn tí ń ṣètò ìpàtẹ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìlà márùn-ún ní Yorùbá sí ìsàlẹ̀ pósítà rẹ̀, kí ó sì fi dánra wò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tí ó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Bí òun kò bá yé e, iṣẹ́ ṣì kù.

Ohun tí òfin wí kí ẹ tó pàtẹ

A rọ akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí kí wọ́n fara balẹ̀ ka apá yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gúsí láìfọ́ ọmọ inú rẹ̀. Ọjọ́ ìpàtẹ dé; ó tan ẹ̀rọ náà, ó ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó ṣàlàyé bí irin inú rẹ̀ ṣe ń yí, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi fóònù yà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹnìkan gbà á níyànjú pé kí ó gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ohun tí o hùmọ̀ tàbí kí ó tà á láìgba àṣẹ rẹ. Ó ti pẹ́ jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé Òfin Páténtì àti Àwòṣe ti 1970 béèrè pé kí ohun tí a fẹ́ gba páténtì lé lórí jẹ́ tuntun. Ohun tí ó ti hàn sí gbangba níbikíbi, ní ìgbàkígbà, kí a tó fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀, kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin, yálà a kọ ọ́ ni, a fẹnu sọ ọ́ ni, tàbí a lò ó lójú ènìyàn. Kò sì yọ olùhùmọ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Bí òun náà bá fi hàn, ó ti fi hàn náà nìyẹn. Òfin fi àyè kékeré kan sílẹ̀: bí ó bá jẹ́ ìpàtẹ àgbáyé tí ó jẹ́ ti ìjọba tàbí tí ìjọba fọwọ́ sí ni a ti fi hàn, tí a sì fi ìwé sílẹ̀ kí oṣù 6 tó pé, a kò ní kà á sí olùhùmọ̀ lọ́rùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbára lé e pé ìpàtẹ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àyè yìí.

Ohun mìíràn tí ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni pé ọ́fíìsì tí ń fúnni ní páténtì ní Àbújá kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Bí ìwé bá pé, wọn yóò fúnni. Nítorí náà, ènìyàn lè gba páténtì lẹ́yìn ìpàtẹ kí ó sì máa yọ̀, títí di ọjọ́ tí oníléeṣẹ́ ńlá kan yóò mú fọ́tò ọjọ́ ìpàtẹ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n fagi lé e. Òfin kan náà tún wí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí páténtì. Bí ẹnìkan bá jí iṣẹ́ ọlọ́mọ fi ìwé sílẹ̀, òfin lè dá ẹ̀tọ́ náà padà fún ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni yóò fi gbà á. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kan tí ó ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù alábòójútó.

Kí ni ṣíṣe, nígbà náà? Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ kí ọjọ́ ìpàtẹ tó dé. Páténtì a máa wà fún ọdún 20 láti ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀, bí a bá ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ pàtẹ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, kí ẹ bo bí ó ṣe ń ṣe é: ẹ fi ẹ̀gúsí tí ó bó han àwọn ènìyàn, kí ẹ ti ikùn ẹ̀rọ pa. NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ran ọ̀pọ̀ yunifásítì lọ́wọ́ láti ní ọ́fíìsì tí ń rí sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ̀ pé ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lè wà ní ọgbà wọn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ alábòójútó yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìpàtẹ.

Ti iṣẹ́ ọnà, ewì, eré, orin àti sinimá rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, kò béèrè ìforúkọsílẹ̀ kankan. Bí o bá ti ya àwòrán tàbí tí o ti kọ eré sílẹ̀, ìwọ ni o ni ín, pípàtẹ rẹ̀ kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ. Fún ìwé àti àwòrán, ẹ̀tọ́ náà yóò wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ra àwòrán lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán kan yẹn ni ó rà. Kò ra àṣẹ àtitẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ẹbí fún títà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe buwọ́ lu ìwé kankan tí kò yé e ní ọjọ́ ìpàtẹ, bí ó ti wù kí ẹni tí ó mú un wá wọṣọ tó.

Àwọn tí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀

Aláró tí ó sọ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀lú, oníṣègùn tí ó dárúkọ ewé, bàbá àgbẹ̀ tí ó mọ ilẹ̀ tí iṣu fẹ́, àwọn náà wà nínú iṣẹ́ tí a pàtẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bá yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ rẹ̀, orúkọ alábòójútó rẹ̀ àti ohun tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìwádìí tí ó kan ìlera, ìlànà orílẹ̀-èdè lórí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, tí ó jáde ní 2007, béèrè pé kí ìgbìmọ̀ kan kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní èdè tí ó yé yín, kí ẹ sì fi tinútinú gbà. Ẹ lè kọ̀. Ẹ lè gbà lónìí kí ẹ sì yí ọkàn padà lọ́la, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìyà jẹ yín.

Ẹ tún lè sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ránṣẹ́ pè yín ní ọjọ́ ìpàtẹ, kí ó sì kọ orúkọ yín sára pósítà bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláró ni yóò fẹ́ kí a dárúkọ òun. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ gbèsè rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fẹ́. Ọwọ́ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni ó wà.

Ibi tí ẹ ti lè lọ

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, ni ó pẹ́ jù nínú ìpínlẹ̀ wa, ó sì ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀ka eré oníṣe. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ó jẹ́ tiwa, ní ọgbà káàkiri: Òṣogbo ni olú ọgbà rẹ̀, Èjìgbò ni wọ́n ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, Ìkirè sì ni ti àṣà àti ẹ̀kọ́ nípa ọmọ ènìyàn. Yunifásítì Ìlẹ́ṣà náà ti wà. Lára àwọn ti aládàáni ni Bowen ní Ìwó, Redeemer’s àti Adeleke ní Ẹdẹ, Fountain ní Òṣogbo, àti Joseph Ayo Babalola ní Ìkẹjì-Arákeji.

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ó kan gbogbo wọn. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá gbèjà iṣẹ́ wọn tán, ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan péré ni yóò pàtẹ, kì í ṣe gbogbo yunifásítì. Ọ́fíìsì ìròyìn yunifásítì kọ̀ọ̀kan, tàbí akọ̀wé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kàn yín, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, wọ́n lè béèrè ẹni tí ẹ fẹ́ rí, nítorí náà ẹ mú orúkọ gbọ̀ngàn àti ti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé girama tí ó bá fẹ́ kó ọmọ wá, kí ó kọ̀wé sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ó sọ iye ọmọ tí yóò kó wá àti kíláàsì wọn.

Ẹni tí ọjọ́ ìpàtẹ bá sì fò kọjá lè lọ sí ilé-ìkàwé yunifásítì. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń kó pọ́rójẹ́ẹ̀tì sí, ẹ dárúkọ ìlú yín tàbí iṣẹ́ yín fún ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí ó bá yín wo ohun tí àwọn ọmọ ti kọ nípa rẹ̀. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹ lè jókòó kà á.